Háítì: Ọba Kú, Afọbajẹ Ò Sí Nílé

Bí ọ̀rọ̀ Háítì bá délẹ̀, ìbọn àwọn jàǹdùkú Port-au-Prince, olú ìlú rẹ̀, ni gbogbo ènìyàn máa ń sọ. Èmi tí mo jẹ́ agbẹjọ́rò, ọdún 2019 ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, ọdún tó yẹ kí wọ́n dìbò tí wọn ò dì í.

Òfin ilẹ̀ náà, èyí tí wọ́n ṣe ní 1987 lẹ́yìn ọdún 29 tí àwọn Duvalier, bàbá àti ọmọ rẹ̀ tí wọ́n jẹ ààrẹ tẹ̀ léra, fi jẹ gàba, kò fẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo tún kó agbára jọ. Ààrẹ lọ́tọ̀, olóòótú ìjọba lọ́tọ̀, àwọn aṣòfin ló sì ń fọwọ́ sí olóòótú ìjọba. Ó dùn-ún kà lórí ìwé. Àmọ́ bí ìdìbò kan bá fò, àga púpọ̀ ni yóò ṣófo lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó di oṣù kìíní 2020, sẹ́nétọ̀ mẹ́wàá péré ló kù nínú 30, kò sì sí aṣojú-ṣòfin kankan mọ́. Ààrẹ Jovenel Moïse wá ń fi àṣẹ tirẹ̀ nìkan ṣèjọba.

Ọjọ́ 7 oṣù keje 2021 ni wọ́n pa á nínú ilé rẹ̀. Ta ló yẹ kó rọ́pò rẹ̀? Òfin 1987 ní adájọ́ àgbà ni. Àrùn Kòrónà ti pa adájọ́ yẹn ní oṣù tó ṣáájú. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí òfin náà ní kí olóòótú ìjọba di ìjọba mú, kí àwọn aṣòfin sì yan ààrẹ onígbà díẹ̀. Olóòótú ìjọba wo? Claude Joseph ló wà níbẹ̀. Ariel Henry ni Moïse ti yàn lọ́jọ́ méjì ṣáájú, kò sì tíì búra. Aṣòfin wo?

Àwọn aṣojú ilẹ̀ òkèèrè ló kọ̀wé pé kí Henry dá ìjọba sílẹ̀, Joseph sì yẹra. Lójú tèmi, ohun tó bàjẹ́ jù nìyẹn: ìbò kọ́ ló gbé Henry wọlé, òfin náà kọ́. Nígbà tí sáà àwọn sẹ́nétọ̀ mẹ́wàá yẹn parí ní 2023, kò ku ẹyọ ẹnì kan tí ará ìlú dìbò yàn sípò ní ìjọba àpapọ̀.

Ní oṣù kẹta 2024, àwọn jàǹdùkú já ọgbà ẹ̀wọ̀n ńlá Port-au-Prince, Henry tó rìnrìn àjò lọ sí Kẹ́ńyà ò sì rí ọ̀nà padà. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án ló gbàjọba. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n ṣètò ìdìbò, kí ààrẹ tuntun lè búra ní ọjọ́ 7 oṣù kejì 2026, ọjọ́ tó pé 40 ọdún tí Duvalier ọmọ sá lọ.

Ọdún 2025 parí, wọn ò dìbò.