Ọkọ̀ òfuurufú tó "stall" kì í ṣe èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú

Bí ìròyìn bá ní ọkọ̀ òfuurufú kan "stall" kó tó já, ohun tó máa ń wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú. Ọ̀dọ̀ mọ́tò la ti kó èrò yẹn wá. Lójú òfuurufú, apá ọkọ̀ ló ń stall, ẹ́ńjìnnì sì lè máa ké dáadáa nígbà tí ọkọ̀ ń já bọ̀.

Apá ń gbé ọkọ̀ dúró nítorí pé afẹ́fẹ́ ń lẹ̀ mọ́ òkè rẹ̀ bó ṣe ń kọjá. Bí awakọ̀ bá ń gbé imú ọkọ̀ sókè jù, tí apá dagun sí afẹ́fẹ́ tó nǹkan bíi dígírì 15, afẹ́fẹ́ ò ní lè lẹ̀ mọ́ ọn mọ́. Á já kúrò, á máa yí bírí-bírí lẹ́yìn apá, agbára tó ń gbé ọkọ̀ dúró á dín kù, ọkọ̀ á sì máa já bọ̀. Stall nìyẹn. Eré sísá kì í gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀: èyí tó ń stall ní nọ́ọ̀tì 100 (nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ń wọn eré ọkọ̀ òfuurufú) bó bá ń lọ tààrà yóò stall ní nǹkan bíi 141 bó bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní dígírì 60 láti yípo láìsọ̀kalẹ̀. Oògùn rẹ̀ ni kí awakọ̀ kọ́kọ́ ti imú ọkọ̀ sísàlẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè tún lẹ̀ mọ́ apá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni agbára ẹ́ńjìnnì tó wúlò.

BAC One-Eleven, tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ nílé láyé Okada Air, fi èyí hàn kedere. Ilé-iṣẹ́ aládàáni ni British United Airways ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun ló sì kọ́kọ́ bèèrè fún ọkọ̀ yìí, mẹ́wàá, ní May 1961. Ẹ́ńjìnnì Spey méjèèjì wà lẹ́bàá ìdí ọkọ̀, ìrù rẹ̀ sì dàbí lẹ́tà T. Ní October 22, 1963, èyí àkọ́kọ́, tí nọ́ńbà ara rẹ̀ jẹ́ G-ASHG, tí wọ́n kùn ní àwọ̀ British United, ń dán stall wò nígbà tó já ní Chicklade, ní Wiltshire. Àwọn méje tó wà nínú rẹ̀ kú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Nígbà tí apá stall, afẹ́fẹ́ tó ti bàjẹ́ láti ara apá àti ilé ẹ́ńjìnnì bo ìrù tó wà lókè. Elevator, ìyẹn pátákó ara ìrù tó ń darí imú ọkọ̀ sókè sódò, kò gba agbára láti ọwọ́ awakọ̀ tààrà. Pátákó kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ ni awakọ̀ ń yí, afẹ́fẹ́ ló wá ń gbé elevator fúnra rẹ̀. Bí ọkọ̀ ti ń rọ̀ wálẹ̀, afẹ́fẹ́ láti ìsàlẹ̀ ti elevator sókè, bí awakọ̀ tilẹ̀ ń ti ọwọ́ ìdarí síwájú. Pẹrẹsẹ báyìí ni ọkọ̀ náà bọ́ sílẹ̀.

Nínú àtúnṣe, wọ́n fi agbára haidirọ́líìkì sí elevator, wọ́n tún etí iwájú apá ṣe, wọ́n sì fi ẹ̀rọ kan kún un tó ń gbọn ọwọ́ ìdarí láti kìlọ̀, àti òmíràn tó ń tì í síwájú fúnra rẹ̀ bí awakọ̀ bá kọ etí dídi. Kò sí èyí tó kan ẹ́ńjìnnì nínú wọn.

Ìbẹ̀rù stall náà ní ewu tirẹ̀. Ní August 20, 1964, awakọ̀ tó ń dán One-Eleven mìíràn, G-ASJD, wò rò pé ọkọ̀ ti kó sínú irú stall yẹn, ó sì ṣí páráṣúùtù ìdí ọkọ̀ tí wọ́n fi síbẹ̀ láti yọ ọ́ nínú stall. Ọkọ̀ ò stall rárá. Páráṣúùtù tí kò já dànù ló ń fà á sẹ́yìn, ó sì fi ikùn balẹ̀ sórí pápá Salisbury Plain. Wọ́n tún un ṣe, British United sì gbà á. Ní April 9, 1965 ni ilé-iṣẹ́ náà kọ́kọ́ fi One-Eleven kó èrò, láti Gatwick lọ sí Genoa.

Ẹ́ńjìnnì pàápàá ní stall tirẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń já kúrò lára abẹ kéékèèké tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Àmì rẹ̀ ni ìró "gbàà", ẹ̀ẹ̀kan tàbí léraléra. Wọ́n gbọ́ ọ nínú One-Eleven mìíràn, G-ASJJ, ní Milan ní January 14, 1969, ní kété tó gbéra. Ẹ́ńjìnnì ọ̀tún ló dún, àmọ́ àwọn awakọ̀ ṣèèṣì dín agbára ti òsì kù. Ọkọ̀ balẹ̀ sínú pápá oníyìnyín. Kò sí ẹni tó kú.