Àjálù kì í ṣe àdámọ́

Bí òjò bá ti ń rọ̀ léraléra lórí Òṣogbo, tí odò Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ sí í kún, mo ti mọ ọ̀rọ̀ tí n óò gbọ́ lórí rédíò: "àjálù àdámọ́", èyí tí wọ́n fi ń túmọ̀ "natural disaster" ti Òyìnbó. Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú gan-an. Àdámọ́ ni ohun tí Elédùmarè dá mọ́ ènìyàn láti inú ìyá rẹ̀ wá: ìwà, àwọ̀, ohùn. Ta ni wọ́n wá dá omíyalé mọ́? Àwọn mìíràn rò pé àwọn tún un ṣe, wọ́n ní "ìjàm̀bá ìṣẹ̀dá". Ìjàm̀bá tí gbogbo wa mọ̀ ni ti ọkọ̀, ti iná, ti ẹni tó já láti orí àjà. Èyí tó burú jù nínú gbogbo wọn ni "àmúwá Ọlọ́run". Ó ń di ẹ̀bi ru Ọlọ́run, ẹni tó yẹ kó wá rojọ́ sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Àjálù lásán ti tó. Ẹ tú u wò: ohun tó já, tó sì lu ẹnìkan. Bí kò bá rí ẹni lù, kò tíì di àjálù. Òjò ńlá, ọ̀dá, ìjì, ìmìtìtì ilẹ̀, ewu ni gbogbo wọn. Ìgbà tí ewu bá bá ènìyàn níbi tí kò ti ní ààbò ni àjálù dé. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí káàkiri ayé ti ń pariwo rẹ̀ tipẹ́. Èdè tiwa ti kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, a wá ń so àdámọ́ mọ́ ọn nídìí.

Ẹ wo igi àgbọn. Bí èso rẹ̀ bá já nínú igbó lóru, ó já náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ìyá olóúnjẹ kan bá pa àtíbàbà sábẹ́ igi náà, tó gbé ìrẹsì kaná, tí àgbọn sì já lu orí ọmọ tó wá rajà, àjálù dé. Àgbọn ti ń já tipẹ́. Àtíbàbà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹni tó sì gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ ìyá yẹn mọ̀ pé igi ń so. Bó bá wá jẹ́ pé inú ọgbà aládùúgbò ni igi wà, tó tẹ̀ kọjá ògiri sọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ilé kan. Àjálù tó kárí agbègbè nìyẹn.

Irú igi bẹ́ẹ̀ ni ìsédò Lagdo ní Kamẹrúùnù, dáàmù tí wọ́n kọ́ parí lọ́dún 1982. Inú odò Bẹ́núè ni omi rẹ̀ ń gbà wá bá wa. Ó yẹ kí Nàìjíríà kọ́ tirẹ̀ sí Dasin Hausa ní ìpínlẹ̀ Adámáwá, kó lè gba omi náà dúró. Wọn ò parí rẹ̀. Lọ́dún 2022, òjò tiwa pọ̀, omi Lagdo tún kún un. Lọ́kọ̀jà, níbi tí Bẹ́núè ti pàdé odò Ọya, wà nínú omi. Àwọn tó kú káàkiri orílẹ̀-èdè lé ní 600, àwọn tó sá kúrò nílé sì lé ní mílíọ̀nù kan.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ìjì mú òjò wá sí Derna ní Líbíà, ìsédò méjì ya, omi sì gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ. Nígbà tó pé ọdún kan, ìsédò Alau ya, omi wọ Màídúgùri, ó sì ká àwọn tí Boko Haram ti lé kúrò lábúlé mọ́ inú àgọ́ ogúnléndé. Irú èyí ló ń di pàjáwìrì: àjálù tó ju agbára àwọn tó bá lọ, tí wọn ò lè là á já bí ìrànlọ́wọ́ kò bá tètè ti ìta dé. "Humanitarian emergency" ni Òyìnbó ń pè é. Àwọn kan ń kọ ọ́ ní "pàjáwìrì ọmọnìyàn". Kí ni ìtumọ̀ ìyẹn? "Pàjáwìrì ìdóòlà ẹ̀mí" ni èmi ń kọ, torí ẹ̀mí ni wọ́n fẹ́ dóòlà.

Ẹ wá sí àdúgbò Gbọ́dọ̀fọ́n ní Òṣogbo níbí lẹ́yìn òjò ńlá. Ilà ẹrẹ̀ gba ara ògiri àwọn ilé etí omi kọjá, dé ìdí fèrèsé. Fóòmù àti àpótí aṣọ wà nínú oòrùn níbi tí wọ́n sá wọn sí. Gọ́tà kún fọ́fọ́ fún ọ̀rá píọ̀ wọ́tà. Bẹ́ẹ̀ ìtàn ìlú wa sọ pé etí odò ni Láróoyè, ọba wa àkọ́kọ́, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kọ́kọ́ tẹ̀dó sí kí wọ́n tó gòkè. Odò ò dẹ́kun kíkún. Àwọn ni wọ́n ṣí.

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ń ka ìròyìn, ọdọọdún ni NIHSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ omi odò, ń sọ ibi tí omi lè ya dé. Ẹ pe ìyẹn ní ewu, kí ẹ sì dárúkọ àdúgbò tó kàn. Bó bá ti ba ilé jẹ́ tàbí tó gbẹ̀mí, ó di àjálù nìyẹn. Kí ẹ tó kúrò lórí afẹ́fẹ́, ẹ béèrè ẹni tó buwọ́ lu ìwé àṣẹ ilé tí wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà omi.