Ọ̀nà tí ìyà là ni wọ́n ń sanwó rìn ní Írẹ́lándì

Ẹ gbọ́ ná. Èèyàn á tu owó jọ, á wọ bàálù lọ sí Írẹ́lándì, á wá fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn fún bí ọjọ́ mẹ́fà, òjò á pa á, ẹrẹ̀ á gba bàtà ẹ̀, gáìdì á máa lọ níwájú, mọ́tò kan á ti gbé báàgì ẹ̀ lọ síbi tó máa sùn lálẹ́, wọ́n á ní hólídè nìyẹn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ẹ̀rín ni mo rín, torí lọ́dọ̀ tiwa ẹni tówó bá wà lọ́wọ́ ẹ̀ kì í fẹsẹ̀ rìn. Ìgbà tí mo wá tọpa ibi tó ti ṣẹ̀, ni mo rí i pé àwọn tó la púpọ̀ nínú àwọn ọ̀nà yẹn, fàájì ò sí lọ́kàn wọn rárá.

Àdúrà ló ṣáájú. Òkè kan wà létí òkun ní Mayo tí wọ́n ń pè ní Croagh Patrick, gíga ẹ̀ jẹ́ mítà 764, ìtàn àwọn Kátólíìkì sọ pé ibẹ̀ ni Patrick Mímọ́ ti gbààwẹ̀ ogójì ọjọ́ lọ́dún 441 (Patrick yìí kan náà ni wọ́n fi ṣe alágbàwí Nàìjíríà o). Ọjọ́ Àìkú tó bá kẹ́yìn oṣù Keje ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn máa ń gùn ún, àwọn míì ò ní wọ bàtà, òkúta wẹ́wẹ́ tó wà lókè níbẹ̀ á máa yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, tí wọ́n bá gbé ẹsẹ̀ méjì síwájú, ọ̀kan á tún padà sẹ́yìn. Ẹni tó bá ti gun orí òkè àdúrà rí nílé mọ ohun tí mò ń sọ.

Láti nǹkan bí 1695 lọ, nígbà tí ìjọba ń fi òfin ni àwọn Kátólíìkì lára, inú òkè ni àwọn fáàdà ń sá lọ ṣe Mísà, orí àpáta ni pẹpẹ, ẹsẹ̀ àwọn tó ń yọ́ lọ síbẹ̀ ló sì di ọ̀nà. Lápá Kerry, bọ́tà ló la tiwọn: ẹ̀yìn ẹṣin ni wọ́n ń dì í sí lọ sí Cork, níbi tí ọjà bọ́tà ibẹ̀ tóbi débi pé kò sí irú ẹ̀ láyé nígbà yẹn.

Ìyàn dé lọ́dún 1845. Ọ̀dùnkún òyìnbó, èyí tí àwa ń pè ní Áírísì lọ́jà láì bèèrè ibi tórúkọ yẹn ti wá, ó jẹrà sínú ilẹ̀ lọ́dún yẹn, ó tún jẹrà lọ́dún kejì, bí mílíọ̀nù kan èèyàn kú, bí iye yẹn náà sá kúrò nílùú. Ìjọba ò fẹ́ fún wọn lóúnjẹ lásán, wọ́n ní kí ẹni tébi ń pa máa fọ́ òkúta, kó máa la ọ̀nà, kó tó gba pẹ́ńsì díẹ̀. Àwọn kan nínú ọ̀nà ọ̀hún ò dé ibì kankan, àárín òkè ni wọ́n ti dá dúró títí dòní. Ọ̀nà etí òkun láti Bray dé Greystones náà ńkọ́, táwọn èèyàn ń ya fọ́tò níbẹ̀? Àwọn lébìrà tó ń ṣe rélùwéè láyé 1840 ni wọ́n là á fún kí wọ́n lè máa gbé irinṣẹ́ kọjá.

Gáìdì ní tiẹ̀, Killarney, ìlú kan ní Kerry, ni kí ẹ wá a lọ. Láti bí 1750 ni olówó tó ni ilẹ̀ ibẹ̀, Viscount Kenmare, ti ń la ọ̀nà, tó ń tún ìlú ṣe káwọn àlejò lè wá wo adágún àti òkè. Àwọn ọmọ ìlú náà ò sùn. Wọ́n á wa ọkọ̀ ojú omi dé abẹ́ àpáta kan tó ń jẹ́ Eagle's Nest, wọ́n á fun fèrè tàbí kí wọ́n yin ìbọn àgbá kékeré kan, òkè á gbà á, á dá a padà, òkè kejì á tún gbà á, àlejò á sì sanwó. Ohùn òkè ni wọ́n ń tà yẹn! Tẹ́ ẹ bá sì ń gun Mangerton, àwọn ọmọbìnrin á máa sá tẹ̀lé ẹṣin yín pẹ̀lú wàrà ewúrẹ́ àti poteen, ìyẹn ògógóró tiwọn, tó jẹ́ pé ìjọba ń lé e kiri bí wọ́n ṣe lé tiwa. Rélùwéè dé ibẹ̀ lọ́dún 1853, Ọbabìnrin Victoria dé lọ́dún 1861, ibi táwọn obìnrin tó bá a wá ti dúró wòran ni wọ́n sọ ní Ladies' View, wọ́n ò sì sọ ibì kankan lórúkọ àwọn ọmọbìnrin oníwàrà yẹn, ó dùn mí díẹ̀.

Ó wá ku kí ẹnì kan so ọ̀nà wọ̀nyí pọ̀. J.B. Malone, ọkùnrin tí wọ́n bí sí Leeds, ló ń kọ̀wé nípa ìrìn inú òkè sínú ìwé ìròyìn Evening Herald, lọ́dún 1966 ló dábàá ọ̀nà gígùn kan gba orí òkè Wicklow. Wọn ò tètè dá a lóhùn. Ọdún 1980 ni wọ́n ṣí apá àkọ́kọ́, ó parí lọ́dún 1982, bíi kìlómítà 130, láti Marlay Park ní Dublin dé Clonegal. Ní Írẹ́lándì, òfin ò sọ pé kí èèyàn kàn máa gba orí ilẹ̀ onílẹ̀ kọjá, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ onílẹ̀, ìdí nìyẹn tí Malone fi gba inú igbó ìjọba lọ níbi púpọ̀. Òpó kékeré ni wọ́n rì mọ́lẹ̀, àwòrán ọkùnrin kan ní yẹ́lò wà lára ẹ̀, ọ̀pá lọ́wọ́, ẹrù lẹ́yìn. Òpó yẹn lẹ máa rí jákèjádò orílẹ̀-èdè náà báyìí. Kerry Way tẹ̀lé e láyé 1980 yẹn náà, ó lé ní igba kìlómítà, ó gba ẹ̀gbẹ́ Carrauntoohil tó ga jù níbẹ̀, mítà 1,038. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀nà ti wà, tí ìyàwó àgbẹ̀ sì ní yàrá tó lè fi gbàlejò, kò ṣòro kí ẹnì kan pa gbogbo ẹ̀ pọ̀ kó máa tà á: gáìdì, ibùsùn, mọ́tò tó ń gbé báàgì.

Gáìdì tó bá mọṣẹ́ kì í kánjú. Ọ̀sán á pọ́n, wọ́n á jókòó sórí ògiri òkúta ilé kan tó ti wó, wọ́n á tú búrẹ́dì, gáìdì á na ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́ òkè ọ̀ọ́kán. Tí oòrùn bá yà síbẹ̀ díẹ̀ lẹ máa rí i, ìlà ìlà gbọọrọ lábẹ́ koríko, àgùntàn ń jẹ̀ lórí ẹ̀. Ebè ọ̀dùnkún ni.