Ibi Tí Ọjọ́ Áfíríkà Ti Ṣẹ̀

Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, 27 oṣù Èbìbí, ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní Ilé-Ifẹ̀ máa ń múra sílẹ̀ fún. Ọjọ́ 25 tó ṣáájú rẹ̀ ni a kì í fi bẹ́ẹ̀ kà sí, bẹ́ẹ̀ Ọjọ́ Áfíríkà ni. Níbi tí wọ́n bá ti rántí rẹ̀, àwọn ọmọ a wọ òfì àti àdìrẹ, wọ́n a jó, inú wa a sì dùn. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìtàn kún ijó náà.

Accra ló ti bẹ̀rẹ̀, ní 15 oṣù Igbe, ọdún 1958. Gánà ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní ọdún kan tó gbòmìnira. Kwame Nkrumah, olórí ìjọba Gánà, pe àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó wà lómìnira jọ, mẹ́jọ péré ni wọ́n: Gánà, Làìbéríà, Etiópíà, Sùdáànù, Íjíbítì, Líbíà, Tùnísíà àti Mòrókò. Abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni Nàìjíríà ṣì wà. Wọ́n fẹnu kò pé kí ọjọ́ náà máa jẹ́ Ọjọ́ Òmìnira Áfíríkà, kí wọ́n lè máa wò ó lọ́dọọdún bí ìdáǹdè ṣe ń tẹ̀ síwájú sí.

Àwa ọmọ Ifẹ̀ mọ irú ẹ̀gàn tí àwọn olórí wọ̀nyẹn ń bá jà. Ní 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé síhìn-ín, ó rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá wa, ó ní àwọn ará Gíríìkì ayé ọjọ́un ló wá tẹ̀dó síbí tí wọ́n fi irú ọnà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ní 1938, àwọn tó ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ hú àwọn orí idẹ jáde, gbogbo ayé sì rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ tiwa ni. Bí wọ́n bá lè gba iṣẹ́ ọwọ́ ẹni fún ẹlòmíràn, gbígba ilẹ̀ rẹ̀ kò ní nira fún wọn.

Nígbà tó fi máa di 1963, òmìnira ti kárí ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn olórí ti pín sọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nkrumah, tó wà nínú ẹgbẹ́ Casablanca, ń fẹ́ ìjọba kan ṣoṣo fún gbogbo Áfíríkà, kíákíá. Ẹgbẹ́ Monrovia ni Nàìjíríà wà. Èrò Tafawa Balewa, olórí ìjọba wa nígbà náà, ni pé ká máa lọ díẹ̀díẹ̀, ká kọ́kọ́ fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lórí ọrọ̀ ajé. Haile Selassie, ọba Etiópíà, gbà wọ́n lálejò ní Addis Ababa, wọ́n jiyàn, wọ́n sì fi ìlàjà sí i. Ní 25 oṣù Èbìbí, ìjọba 32 dá OAU, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà, sílẹ̀ (kì í ṣe yunifásítì wa ni mo ń wí). Ìjọba kan ṣoṣo kò ṣeé ṣe, àmọ́ gbogbo wọn gbà pé ẹni tó ti dòmìnira kò gbọdọ̀ sinmi nígbà tí Àǹgólà, Mòsáńbíìkì àti South Africa ṣì wà nínú ìdè. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìdáǹdè kalẹ̀ sí Dar es Salaam, Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án tó jókòó sínú rẹ̀. Wọ́n sì gbé ọjọ́ àyájọ́ náà wá sí 25 oṣù Èbìbí.

Iṣẹ́ ìdáǹdè yẹn parí ní 1994, nígbà tí Mandela di ààrẹ South Africa. Ti ìṣọ̀kan ló kù. Ní 1969, Gánà lé àwọn ará wa, àwọn ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà tí wọ́n ti kọ́lé tí wọ́n sì ti bímọ síbẹ̀. Ní 1983, àwa náà lé àwọn ará Gánà. Orílẹ̀-èdè méjèèjì ló wà ní Addis Ababa lọ́dún 1963. Ó ń dùn mí títí dòní.

AU, ìyẹn African Union, rọ́pò OAU ní 2002. Nínú ètò tí wọ́n pè ní Agenda 2063, ìyẹn ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ìpàdé Addis Ababa, wọ́n ṣèlérí ìwé ìrìnnà kan ṣoṣo fún ọmọ Áfíríkà gbogbo. Ní 2016, wọ́n gbé e jáde ní Kigali, ààrẹ méjì ni wọ́n kọ́kọ́ fún. Ó yẹ kó dé ọwọ́ àwọn ìyá wa tó ń kó àdìrẹ kọjá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kí ọdún 2063 tó pé.