Agbẹjọ́rò Àgbà Jersey: iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan

Ní Jersey, bí ọmọkùnrin kan bá mutí yó, tó lọ fọ́ fèrèsé ilé onílé, ọlọ́pàá tó mú un kò láṣẹ láti fẹ̀sùn kàn án. Wọ́n á ní kó wá sí gbọ̀ngàn ẹkùn (parish), ó sábà máa ń jẹ́ lálẹ́. Centenier ló máa bá a sọ̀rọ̀, ìyẹn ọmọ àdúgbò tí wọ́n dìbò yàn, tí kì í gbowó oṣù. Ó lè kìlọ̀ fún un, ó lè ní kó lọ bẹ onílé, ó sì lè ní ó di kóòtù. Ìlànà tó ń tẹ̀ lé ń kọ́? Ọwọ́ Agbẹjọ́rò Àgbà (Attorney General) ló ti wá.

Erékùṣù tó sún mọ́ etíkun Faransé ni Jersey. Ẹkùn 12 ló ní, ènìyàn ibẹ̀ sì lé díẹ̀ ní 103,000 nínú ìkànìyàn 2021. Ọba Gẹ̀ẹ́sì ni olórí wọn, àmọ́ wọn kì í ṣe ara Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn fúnra wọn ló ń ṣòfin ara wọn. Ọba yìí ló ń yan Agbẹjọ́rò Àgbà, kì í ṣe mínísítà.

Agbẹjọ́rò Àgbà yìí ló ń dámọ̀ràn fún ìjọba, òun náà ló ń pinnu ẹni tí wọ́n máa pè lẹ́jọ́. Ó tún ní àga nílé aṣòfin: ó lè sọ̀rọ̀, kò lè dìbò. Bí àríyànjiyàn bá gbóná, tí aṣòfin kan bá bèèrè bóyá àbá tó wà nílẹ̀ tako òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, òun ni gbogbo ojú máa yí sí. Ìmọ̀ràn tó bá fún mínísítà ní kọ̀rọ̀ kì í sábà dé etí ìta, ohun tó sì ń bí àwọn kan nínú nìyẹn.

Ibi tó ti le ni ìgbà tí ẹjọ́ tó yẹ kó pinnu lé lórí bá kan iléeṣẹ́ ìjọba tó ti gba ìmọ̀ràn lẹ́nu rẹ̀. Igbákejì rẹ̀, Solicitor General, ló lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, torí òfin fún un láṣẹ láti ṣe iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀.

Ipò ọ̀hún sábà máa ń jẹ́ àtẹ̀gùn. Timothy Le Cocq di Agbẹjọ́rò Àgbà ní 2009. Nígbà tó di 2019, ó ti di Bailiff, olórí àwọn adájọ́ erékùṣù náà, ní kóòtù kan náà tó ti ń pe ara ìlú lẹ́jọ́.