Àgùntàn Àjèjì Nínú Agbo: Bí Òfin Ṣe Ń Ṣọ́ Owó Òkè Òkun Nínú Òṣèlú

Bí ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n máa ń rò nínú ọkọ̀ láti Nyanya títí dé Berger: ọkàn Mùsùlùmí wà ní Mẹ́kà, ti Kátólíìkì wà ní Róòmù, Amẹ́ríkà ni àwọn pásítọ̀ ti ń gbàṣẹ, ta ló wá kù tó jẹ́ ti Nàìjíríà? Iyàn yẹn dùn ún jà, ṣùgbọ́n ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò bá ẹnikẹ́ni jà á. Kò síbi tó ti ní kí wọ́n yẹ ọkàn èèyàn wò. Orúkọ, ìbúra àti owó ló ń wò, owó ló sì fi ẹ̀ṣọ́ tó le jù tì.

Ti orúkọ kò gba àlàyé púpọ̀. Abala 222 ní ẹgbẹ́ òṣèlú gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà láìwo ẹ̀sìn tàbí ẹ̀yà, pé orúkọ àti àmì rẹ̀ kò gbọdọ̀ jọ ti ẹ̀sìn tàbí ti ẹ̀yà kan, tàbí kó dà bíi pé apá kan Nàìjíríà nìkan ló wà fún, pé Abuja sì ni oríiléeṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Northern People's Congress tó ṣèjọba Àríwá láyé Sàdáúnà kò ní kọjá lẹ́nu ọ̀nà INEC, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò, ní Maitama lónìí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú orúkọ rẹ̀, Northern, ìyẹn ti Àríwá, ti tó láti dá a padà.

Ti ìbúra náà kò gùn. Olùdíje máa ń búra ní kóòtù lórí fọ́ọ̀mù EC9, níbi tí wọ́n ti ń bi í bóyá ó ti fínnúfíndọ̀ di ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn rí. Ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́ ìtẹríba fún ìjọba òkèèrè ni òfin ń wá. Ibi tí èèyàn ń kọjú sí tó bá ń kírun kò kàn án.

Abala 225 gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹsẹ̀ kẹta rẹ̀ ní ẹgbẹ́ òṣèlú kò gbọdọ̀ ní owó tàbí dúkìá nílẹ̀ òkèèrè, kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti fi èyí tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí i láti ìta Nàìjíríà ṣe tirẹ̀. Ẹsẹ̀ kẹrin ní kí wọ́n kó irú owó bẹ́ẹ̀ fún INEC láàárín ọjọ́ 21 sí ìgbà tó wọlé, pẹ̀lú àlàyé yòówù tí INEC bá béèrè.

Ká ní àgùntàn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí wọ agbo darandaran kan ní Dei-Dei lóru. Ohun tí a mọ̀ nílé ni pé kí wọ́n lu agogo, kí olóhun wá mú un. Abala 225 kò lu agogo. Kò ní kí darandaran pa á jẹ, kò sì ní kó dá a padà fún ẹni tó ni ín; ààfin, ìyẹn INEC, ló ní kó fà á lọ. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Bó bá jẹ́ pé dídá a padà ni òfin wí, kí ni olówó òkèèrè pàdánù? Á fi ránṣẹ́, ẹgbẹ́ á fi dúró yáwó ní báńkì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á wá fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí i padà, inú tọ̀tún-tòsì á dùn. Bí òfin ṣe wà yìí, láti ìṣẹ́jú tí àgùntàn ti wọ agbo ni ẹni tó rán an ti pàdánù rẹ̀.

Bí àgùntàn náà bá wá bímọ kí ọjọ́ 21 tó pé ńkọ́? Ìwé òfin dákẹ́. Dọ́là tó wọlé lónìí lè ti lé lórí kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé. Ta ló ni èlé, ta ló ni ohun tí pàṣípààrọ̀ fi kún un? Akápò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣẹ́ dọ́là ní Zone 4 Wuse, kò sì ní dà á pọ̀ mọ́ owó tí àwọn mẹ́ńbà ń dá. Á fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, á kọ ọjọ́ tó wọlé, orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́ àti báńkì tó gbà wá. Ọjọ́ tí owó wọ àkáǹtì ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kì í ṣe ọjọ́ tí òun rí alẹ́ẹ̀tì. Bó bá fi lè dà á pọ̀, tí wọ́n fi san owó gbọ̀ngàn ìpàdé, àgùntàn ti dọbẹ̀ nìyẹn, kò sí ohun tí wọ́n máa fà lọ sí ààfin mọ́.

Kì í sì í ṣe owó nìkan. Òfin sọ owó, ó sọ dúkìá mìíràn. Páálí fìlà tí ẹ̀ka ẹgbẹ́ lókè òkun rà fún ìpolongo, tí wọ́n kó gba èbúté Àpápá wọlé, dúkìá ni. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ, dúkìá ni.

Àṣìgbọ́ kan wà tó ń múni bínú, àwọn tó kàwé ló sì ń sọ ọ́ jù: pé bó bá ti jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ló fi owó ránṣẹ́, kì í ṣe owó òkèèrè. Ẹ tún òfin náà kà. Kò béèrè ta ni, ó béèrè láti ibo. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní London, tó fi 50 pọ́n-ùn ránṣẹ́ tààrà sí àkáǹtì ẹgbẹ́ ní Abuja, ọ̀nà ààfin kan náà ni àgùntàn tirẹ̀ àti ti ìjọba àjèjì ń lọ. Ó dunni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ya ọmọ onílé sọ́tọ̀, orúkọ ọmọ onílé ni gbogbo owó àjèjì yóò máa jẹ́ kílẹ̀ tó mọ́.

Ìyà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni kò tó nǹkan. Òfin Ìdìbò 2022, èyí tí wọ́n fi dìbò 2023, ní kí ẹgbẹ́ tó bá rú abala 225 pàdánù owó náà fún INEC, kó sì san ìtanràn tí kò dín ní mílíọ̀nù 5 náírà. Nígbà náà, òfin kan náà gba olùdíje fún ipò ààrẹ láyè láti ná bílíọ̀nù 5 náírà. Ìtanràn yẹn jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Owó epo ọkọ̀ ni lójú wọn.

Ilé ìjọsìn ní ọ̀nà tirẹ̀. Mọ́sálásí ní Lugbe lè gba owó kànga láti Kuwait, ṣọ́ọ̀ṣì ní Kubwa lè gba ti ìjọ tó wà ní Houston, kò lòdì sófin. Wọ́n á forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ Part F òfin CAMA 2020, wọ́n á gba ìwé ẹ̀rí SCUML, ẹ̀ka tó ń ṣọ́ fífọ owó àìmọ́, lọ́dọ̀ EFCC, torí báńkì máa béèrè rẹ̀ kó tó ṣí àkáǹtì. (Ọ̀fẹ́ ni ìwé SCUML. Ẹni tó bá ní kí ẹ mówó wá, àpò ara rẹ̀ ló ń bá wí.) Abala 221 ló wá ti ilẹ̀kùn láàárín agbo méjèèjì: ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti òṣèlú kò gbọdọ̀ tọrọ ìbò fún ẹnikẹ́ni, kò sì gbọdọ̀ dáwó fún ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí fún ìnáwó ìdìbò olùdíje. Òfin Ìdìbò 2022 tún ní wọn kò gbọdọ̀ polongo ìbò nílé ìjọsìn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọjọ́ Ìsinmi kan ṣáájú ìbò. Olùdíje wà ní àga iwájú, wọ́n pè é síta fún àdúrà, gbogbo ìjọ nawọ́ sí i. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé ẹ dìbò fún un. Ní ti owó, ìjọ kò lè dá a, àmọ́ pásítọ̀ tàbí lémọ́mù lè mú un látinú àpò ara rẹ̀ fún olùdíje; lábẹ́ Òfin Ìdìbò 2022, títí dé mílíọ̀nù 50 náírà ni wọ́n gbà á láyè nígbà náà. Bí àpò yẹn ṣe kún kò sí lára ohun tí abala 225 ń wò, nítorí náírà tó ti Wuse wá ni.

Bí owó tó ti òkèèrè wọlé bá ju 10,000 dọ́là lọ, òfin tó ń gbógun ti fífọ owó àìmọ́, ti ọdún 2022, ní kí wọ́n fi tó àjọ mẹ́ta létí láàárín ọjọ́ kan: NFIU tó ń tọpa owó, CBN tó jẹ́ báńkì àpapọ̀, àti SEC tó ń ṣọ́ ọjà ìpín ìdókòwò. INEC tó yẹ kó gba àgùntàn kò sí lára wọn. Ó ní àṣẹ láti yẹ ìwé owó ẹgbẹ́ wò, ṣùgbọ́n ní ti ọjọ́ 21 yẹn, akápò ẹgbẹ́ ni òfin ń retí pé kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá.