Bàálù Tí Kò Sẹ́ni Nínú Rẹ̀

Nígbàkigbà tí a bá gbé bàálù àfidánwò wa jáde sí pápá tí a ń lò lẹ́yìn ìlú Iléṣà, ìbéèrè kan náà ni àwọn tó bá dúró wò wá máa ń bi wá: "Ṣebí kò sẹ́ni nínú rẹ̀, kí ló dé tí ẹ ń tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ?" Èsì mi ni pé àìsí ènìyàn nínú rẹ̀ gan-an ló fà á. Ẹni tó jókòó sínú bàálù, ara rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un pé ó ń gbọ̀n, etí rẹ̀ yóò gbọ́ pé ohùn ẹ́ńjìnì ti yí padà, imú rẹ̀ yóò sì gbóòórùn wáyà tó ń jóná. Àwa tí a dúró sórí ilẹ̀ kò ní ju ohun tí ẹ̀rọ bá fi ránṣẹ́ lọ, bó bá sì purọ́, irọ́ náà ni a ó gbà gbọ́.

Ẹ wo ọ̀pá tín-ín-rín kan tó yọ síwájú lára bàálù wa, tí ihò rẹ̀ kò ju ti ẹnu bírò lọ. Pitot lorúkọ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń wọ inú rẹ̀ ni ẹ̀rọ fi ń ṣírò eré. GPS, ẹ̀rọ tó ń fi sátẹ́láìtì mọ ibi tí nǹkan wà, kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí bí bàálù ṣe ń kọjá lórí ilẹ̀ ló mọ̀, kò mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gba ara apá rẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ yẹn ló ń gbé e dúró lókè. Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́ ẹ láti ẹ̀yìn ní mítà 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí GPS sì ní mítà 18 ló ń sá, mítà 10 péré ni apá rí lò. Bó bá jẹ́ 12 ló nílò, yóò já nígbà tí nọ́ńbà ojú kọ̀ǹpútà ṣì ń dùn ún wò. Agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé sì fẹ́ràn ihò yìí púpọ̀. A lọ jẹun lọ́jọ́ kan, a padà dé, amọ̀ tútù ti dí i. Láti ìgbà náà la ti ń fi aṣọ pupa bò ó.

Àwọn àgbà iṣẹ́ náà ti kàgbákò ọ̀pá yìí. Ní ọjọ́ 19 oṣù kìíní ọdún 1995, yìnyín dí ti X-31, bàálù ìwádìí tí Amẹ́ríkà àti Jámánì jọ ṣe, ní Edwards ní California. Awakọ̀ tan ohun tó yẹ kó mú ọ̀pá náà gbóná, kò mọ̀ pé èyí tí wọ́n fi rọ́pò ti tẹ́lẹ̀ kò ní wáyà ìmúgbóná. Awakọ̀ fò jáde, ó yè. Bàálù kò yè.

Ti Helios, bàálù NASA, àjọ tó ń ṣe ìwádìí òfurufú ní Amẹ́ríkà, ló ń kọ́ mi lọ́gbọ́n jù. Apá lásán ni, ẹsẹ̀ bàtà 247 ní gígùn, oòrùn ló ń fún un lágbára, kò sì sẹ́ni nínú rẹ̀. Ní 2001, NASA fò ó dé ẹsẹ̀ bàtà 96,863. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí ẹrù rẹ̀ padà kó lè máa fò mọ́jú: ẹ̀rọ tó wúwo sí àárín, àgbá háídírójìn sí apá méjèèjì. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2003, lẹ́bàá Kauai ní Hawaii, afẹ́fẹ́ tó ń rú tẹ̀ ẹ́ bí ọrun, kò sì nà padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fì sókè fì sílẹ̀, eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i, títí ó fi ya sójú òfurufú. Àwọn olùwádìí rí i pé ìṣirò tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé kò tó láti fi ewu àyípadà ẹrù náà hàn.

Bàálù tiwa kò ju kílò méjì lọ, síbẹ̀ bí mo bá sún bátìrì rẹ̀ sẹ́yìn ní ìbú ìka kan, bàálù mìíràn ni mo ń fò lọ́jọ́ náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi ìka méjì gbé e lábẹ́ apá wò kó tó gbéra, tí a kì í sì í yí ohun méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó ń já, kò sí àní-àní. Ọ̀kan wọ oko kòkó kan. Kí a tó dé ibẹ̀, baba olóko ti ṣa gbogbo rẹ̀ sínú àpò sìmẹ́ǹtì. "Ẹnjiníà, ẹ kà á wò, ẹyọ kan ò sọnù." Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́, torí inú rere ni, ṣùgbọ́n ibi tí apá bọ́ sí àti ibi tí imú balẹ̀ sí ni ìbá sọ fún mi èwo ló kọ́kọ́ já. Bí ọ̀kan bá bọ́ sí oko yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà, ẹ má sì fọwọ́ kan bátìrì rẹ̀, nítorí bátìrì lithium tó ti tẹ̀ lè gbiná nígbà tí ẹ rò pé ó ti tutù. Nọ́ńbà wa wà lábẹ́ apá òsì.